Ohùn Tó Ń Ṣọ́ Ìlà

Nígbà àkọ́kọ́ tí aránṣọ náà gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ láti inú ògiri, ńṣe ló dá a lóhùn. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń ká etí yẹ̀rì oníbàárà kan, ó fi píìnì há ẹnu, ó sì ní "Hùn?" láàárín eyín, bí obìnrin ṣe máa ń dá ọkọ rẹ̀ lóhùn bí ọwọ́ rẹ̀ bá dí. "Hùn" náà ti jáde tán kó tó rántí pé ẹni tí òun ń dá lóhùn ti wà nínú ilẹ̀. Ó yọ píìnì lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti ń kìlọ̀ fún un pé èèyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀rọ, ó dákẹ́, ó ń retí. Ohùn náà tún dé, ọ̀rọ̀ kan péré, ó mú bí abẹ:

"Áòtù!"

Kì í ṣe iwin. Tẹlifíṣọ̀n aládùúgbò ni, ẹni tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàárín wọn, tí kò sì mọ̀ pé èèyàn lè dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù. Ìdíje tẹ́níìsì ńlá tí wọ́n máa ń ṣe lọ́dọọdún nílùú wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àmọ́ ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Bó ṣe rí bẹ́ẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Olùṣọ́ ìlà ni ọkùnrin náà nígbà ayé rẹ̀. Iṣẹ́ olùṣọ́ ìlà níbi eré tẹ́níìsì ni kó dúró sídìí ìlà funfun kan, kó tẹjú mọ́ ọn bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku, kó sì ké "áòtù" bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n gbé kámẹ́rà wá, wọ́n so wọ́n mọ́ abẹ́ òrùlé pápá yíká bí àdán. Kámẹ́rà kì í ṣẹ́jú, òtútù kì í mú un, kò sì ní ìyàwó tó ń ṣàìsàn nílé. Kọ̀ǹpútà á kó ohun tí gbogbo wọn rí jọ, á sì mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti fara kan ilẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò lẹ́nu. Wọ́n wá ṣa díẹ̀ lára àwọn olùṣọ́ ìlà àtijọ́, wọ́n kó wọn lọ sí yàrá kan tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa ké "áòtù" sínú ẹ̀rọ.

Ohùn ọkọ rẹ̀ ti há nígbà tó padà dé lọ́jọ́ náà. Ó ń mu omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń ròyìn. Ó ní bí bọ́ọ̀lù bá jìnnà sí ìlà gan-an, jẹ́jẹ́ ni wọ́n ní kóun pè é, bí ẹni tó ń sọ fún àlejò pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bó bá jẹ́ pé èékánná kan péré ló fi jáde, kóun ké e lójijì, kó ta òṣèré jí. Ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n yàn fún ìlà kọ̀ọ̀kan, kí òṣèré lè mọ ibi tí ìpè ti wá láì yíjú. "Wọ́n lé wa lọ," ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, "wọ́n wá gba ọ̀nà ọ̀fun wa síṣẹ́."

Aránṣọ kò rí i lẹ́nu iṣẹ́ rí. Àsìkò ìdíje náà ni iṣẹ́ tirẹ̀ máa ń pọ̀ jù, tẹlifíṣọ̀n kì í sì í wo olùṣọ́ ìlà. Bọ́ọ̀lù ló ń wò. Bó bá ṣèèṣì rí i, kò ju bàtà rẹ̀ àti etí ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Òun ló ká etí ṣòkòtò ọ̀hún, ìyẹn ló fi máa ń dá a mọ̀.

Ohùn yìí ì bá má dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kú, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ rí i pé ìyàwó kò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn láti àná, ó ní kó lọ sílé lọ wẹ̀, kó wá padà. Ó lọ. Ó wẹ̀. Ó jókòó lórí àga láti wọ bàtà, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó fi máa padà dé ilé ìwòsàn, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn. Nọ́ọ̀sì náà mú un jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tó rò pé yóò tù ú nínú.

"Mo bi bàbá pé ṣé kí n pè yín padà. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ nígbà yẹn. Wọ́n kàn na ọwọ́ méjèèjì síwájú lórí aṣọ ìbora, báyìí." Ó na tirẹ̀ sórí tábìlì láti fi hàn án. "Ẹ̀yin ni wọ́n ń wá, mà."

Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ méjì yìí ti ń wá a. Bó bá tẹ́ aṣọ sórí tábìlì láti gé e, á rí wọn níbẹ̀, wọ́n ń wá nǹkan kiri lórí aṣọ. Bó bá ń lọ aṣọ, á gbé irin ìlọṣọ sókè lójijì bí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó ẹlòmíràn lọ́wọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún àwọn ọmọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń bi ara rẹ̀: ṣé ibi tí ọkọ òun ti ń wá òun kiri, tí kò rí òun, ló kú sí?

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí Ẹlẹ́rìí fi wá kí i. Olùṣọ́ ìlà àtijọ́ ni òun náà, ó sì dàgbà ju ọkọ rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹlẹ́rìí, nítorí kò sí ohun tó lè mú un sọ pé òun rí ohun tí òun kò rí, ì báà jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ ẹran tó kù. Ó mú tíkẹ́ẹ̀tì méjì dání. Ó ní wọ́n fẹ́ pààrọ̀ gbogbo ohùn náà. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ohùn tuntun ni wọ́n máa lò.

"Ìyàwó wa, bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú, ọdún yìí ni."

"Lójúkojú, ẹ̀gbọ́n? Ojú dà?"

Ẹlẹ́rìí rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dá tíkẹ́ẹ̀tì padà sápò. Obìnrin náà rò ó. Ìyàwó ló máa ń mọ̀ láti inú ohùn ọkọ bóyá inú ń bí i, kí ọkọ tó dé orí ohun tó ń bí i nínú. Ohùn ẹ̀yìn ògiri kò já geere. Bí òun bá gbọ́ ọ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, bóyá òun á mọ̀ bí ẹ̀sùn bá wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ dáadáa pé wọ́n ti gba ohùn náà sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọkùnrin náà tó kú. Mímọ̀ yẹn kò ràn án lọ́wọ́. Ó ní òun á lọ.

Èrò ti tò bí èèrà lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré. Wọ́n yẹ báàgì rẹ̀ wò, wọ́n sì bá àlùmọ́gàjí kékeré kan níbẹ̀, èyí tó ti pẹ́ nínú báàgì débi pé ó ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ gbà á, ó fi í sínú àpòòwé, ó ní kó wá gbà á nígbà tó bá ń lọ. Ẹlẹ́rìí kí ẹ̀ṣọ́ náà kú iṣẹ́, ó ní bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, obìnrin yìí ì bá ti gé àwọ̀n kó tó di ọ̀sán, ì bá sì ti fi rán yẹ̀rì. Ẹ̀ṣọ́ kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n gba ọ̀nà tóóró kan lábẹ́ àwọn ìjókòó, ó ṣókùnkùn, ó ń rùn bíi kọnkéré tútù, wọ́n sì yọ sínú ìmọ́lẹ̀ lójijì. Aránṣọ dúró. Kò rò pé pápá náà á kéré tó bẹ́ẹ̀, kò sì rò pé á mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, tí wọ́n wá rán tépù funfun mọ́ létí. Kíá ló rí i pé ìlà ẹ̀yìn nípọn ju àwọn yòókù lọ. Ẹlẹ́rìí ní bẹ́ẹ̀ ni, òfin gbà kí tẹ̀yìn fẹ̀ jù wọ́n lọ, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ ti máa ń pọ̀. Ó fi àwọ̀n hàn án: àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ ju etí méjèèjì lọ, ìgbànú funfun kan ló fà á mọ́lẹ̀, wọ́n sì ní ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Inú aránṣọ dùn sí ìgbànú náà. Bí ìbàdí yẹ̀rì tí wọ́n fún ló rí. Fún ìgbà díẹ̀ ó gbàgbé ohun tó bá wá.

Ẹlẹ́rìí wá na ìka sí igun pápá, ní ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n jókòó sí gan-an. Àpótí dúdú kékeré kan wà lẹ́yìn ìlà tó nípọn yẹn, ó kọjú sí pápá. Sípíkà ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí àga olùṣọ́ ìlà máa ń wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ti gbé ìkòkò òdòdó kan síbẹ̀.

"Ibẹ̀ ló máa ń dúró sí," Ẹlẹ́rìí ní. "Ibẹ̀ náà ló ṣì wà."

Obìnrin méjì ló fẹ́ kojú ara wọn. Orúkọ wọn wà lójú pátákó, àmọ́ àwọn tó jókòó lẹ́yìn wọn ti sọ ọ̀kan ní Ọlọ́wọ́-òsì, wọ́n sì ń pe èkejì ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, nítorí ó ga, ó sì tín-ín-rín. Ọlọ́wọ́-òsì ni gbogbo èrò fẹ́.

Ohun tí aránṣọ kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé òkú òun kì í sọ̀rọ̀ láìnídìí. Àfi kí bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ẹ̀yìn yẹn, ní ìhà ọ̀dọ̀ tiwọn, kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Bí wọ́n bá gbá a sínú àwọ̀n, ohùn kankan kì í dún. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ohùn obìnrin kan ló ń pè é. Bó bá jáde lápá ọ̀hún, ohùn ọkùnrin mìíràn ni, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé imú rẹ̀ dí. Oòrùn gòkè. Ẹnì kan níwájú ṣí agboòrùn, wọ́n pariwo lé e lórí títí ó fi pa á dé. Àwọn òṣèré méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn jù. Aránṣọ tẹjú mọ́ àpótí dúdú náà bí ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá aláìsàn, àpótí náà kò sì sọ nǹkan kan.

Ẹlẹ́rìí ní tirẹ̀ kò fara balẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sítòsí ìlà, ọwọ́ rẹ̀ á sáré lọ síwájú lórí itan, á sì padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣòkòtò yín ò rún o," ni aránṣọ sọ níkẹyìn. "Bó bá sì rún, ẹ gbé e wá fún mi."

Ẹlẹ́rìí wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní àìsàn iṣẹ́ ni, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ itan.

Ìgbà náà ni Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó wà lápá ọ̀hún, gbá ọ̀kan tó jìn jù. Èémí kan kọ́kọ́ jáde láti inú àpótí dúdú. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́: "Áòtù."

Èémí yẹn ló mú un. Kò gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri rí. Ẹni tó gba ohùn náà sílẹ̀ gbàgbé láti gé e kúrò, tàbí ó rò pé kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i: ìmí kékeré tí ọkùnrin kan fà sínú kó tó lanu. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló máa ń mí lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, bó bá gun àtẹ̀gùn tán, kó tó ní "Mo ti dé o." Obìnrin náà ti gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó láti lọ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọra jókòó padà. Kò gbọ́ ẹ̀sùn nínú rẹ̀, kò sì gbọ́ ìdáríjì. Ó fẹ́ kó tún un sọ.

Wọ́n pààrọ̀ ìhà. Ọlọ́wọ́-òsì ló wá bọ́ sápá ọ̀hún, ìyẹn ni pé àṣìṣe tirẹ̀ nìkan ló lè mú ọkọ òun sọ̀rọ̀. Gbogbo pápá ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọbìnrin náà; aránṣọ nìkan ló ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó ṣì í gbá. Ó ṣì í gbá: èémí, "Áòtù!", lójijì, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún ni. Ó tún ṣì í gbá. Ọkùnrin kan lẹ́yìn wọn ní kí wọ́n fún bàbá tó ń ké yìí lómi, pé ọ̀fun rẹ̀ á ti gbẹ.

"Omi ìlọ́wọ́ọ́wọ́ ló máa ń mu," aránṣọ ní, láì yíjú.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín gan-an. Ó rò pé àwàdà ni.

Níwájú, níbi ìjókòó àwọn ẹbí, obìnrin kan tó tó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tẹrí ba nígbàkígbà tí àpótí náà bá ké. Ẹlẹ́rìí ní ìyá Ọlọ́wọ́-òsì ni. Ojú ti aránṣọ. Ọmọ ọlọ́mọ ni òun ń fi àdúrà bì ṣubú kí òkú òun lè rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ó gbìyànjú láti dá àdúrà náà dúró, kò dúró.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ ìhà ni òjìji òrùlé ń gba pápá díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orí àwọ̀n. Ọlọ́wọ́-òsì tún wà lápá ọ̀hún, àmì kan péré ló sì kù kó borí. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà sókè, ó jìn, ó ń bọ̀ tààrà sí igun wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fi í sílẹ̀, ó dá a lójú pé ó ń jáde lọ ni. Bọ́ọ̀lù fara kan ilẹ̀ nídìí ìlà ẹ̀yìn, ó sì ta kọjá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yíjú sí àpótí dúdú. Rẹfirí tó wà lórí àga gíga yíjú sí i. Gbogbo pápá tó kún dẹ́nu yíjú sí igun tí ọkọ aránṣọ wà, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kò sọ nǹkan kan.

Aránṣọ di èémí tirẹ̀ mú, ó ń retí ti ọkùnrin náà. Nígbà tí kò dé, ó yíjú sí Ẹlẹ́rìí láti bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì rí i. Ẹlẹ́rìí ti yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ itan. Ó tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, nísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ilẹ̀, àwọn ìka nà gbọọrọ, wọn kò mì. Ojú rẹ̀ kò kúrò lórí ìlà.

Ẹ̀gbẹ́ tábìlì nọ́ọ̀sì ni aránṣọ tún bá ara rẹ̀.

Ariwo sọ. Ọlọ́wọ́-òsì ti na gbalaja sórí ilẹ̀, ìyá rẹ̀ ń sunkún lọ́wọ́ àwọn tó ń dì mọ́ ọn. Aránṣọ di Ẹlẹ́rìí lọ́rùn ọwọ́ mú kó tó gbé e kúrò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń fi ọwọ́ ṣe yẹn?"

Ẹlẹ́rìí kọ́kọ́ rò pé yẹ̀yẹ́ ṣòkòtò ló tún dé. Nígbà tó rí ojú rẹ̀, ó ṣàlàyé. Ó ní olùṣọ́ ìlà kì í sọ̀rọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá dáa. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan fún bọ́ọ̀lù tó dáa. Bó bá bọ́ sítòsí ìlà, tí rẹfirí sì ń wojú wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń dáhùn: wọ́n á tẹ́ méjèèjì síwájú báyìí, wọ́n á sì dákẹ́. Ó túmọ̀ sí pé mo rí i, ó dáa, kò sí ohun tó bàjẹ́, ẹ máa bá eré lọ. Kámẹ́rà kò lọ́wọ́, ìdákẹ́ nìkan ló kù. Ó bi í bóyá ọkọ rẹ̀ kò fi hàn án nílé rí. Aránṣọ ní kò fi hàn òun. Ohùn tó há nìkan ló máa ń mú wálé.

Àwọn èrò ń jáde. Aránṣọ kò dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì náà fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan oorun àti bàtà tí kò tíì wọ̀ tán.

"Ṣé ohun tó ń sọ nìyẹn?" obìnrin náà bi í. "Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní ṣé kóun pè mí. Ṣé ó ń sọ pé kò sí wàhálà, kó fi mí sílẹ̀?"

Ẹlẹ́rìí gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fi bojú. Obìnrin náà rò pé ẹkún ni. Ẹkún kọ́.

"Àmì kejì nìyí," ó ní láti ẹ̀yìn ọwọ́. "Bí nǹkan bá dí wa lójú, tí a ò rí ibi tí bọ́ọ̀lù bọ́ sí, ohun tí à ń ṣe nìyí. A kì í sọ ohun tí a rò. Ohun tí a rí là ń sọ. Mi ò sí níbẹ̀, ìyàwó wa."

"Ẹ ò tiẹ̀ lè pa irọ́ kékeré kan fún opó?"

"Lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, màá pa méjì. Lórí èyí, ọkọ yín gan-an kò ní gbà fún mi."

Inú bí aránṣọ, ó yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe lórí aṣọ. Ẹni tó ń wá píìnì tó bọ́ sórí aṣọ, orí ìka ló fi ń wá a. Ìka á ká kò, á máa rìn. Kò sẹ́ni tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ kí aṣọ sùn dáadáa ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó pa ojú dé, ó pe nọ́ọ̀sì padà sídìí tábìlì lọ́kàn rẹ̀, ó wo ọwọ́ nọ́ọ̀sì náà. Àtẹ́lẹwọ́ ni. Ìka nà. Ọwọ́ kò rìn. Ẹnu nọ́ọ̀sì ló sọ pé wọ́n ń wá. Ọwọ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìrìn kún un láti ìgbà náà, lórí tábìlì ìgéṣọ, lójoojúmọ́.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà kankan kò sí lókè ibùsùn yẹn.

Pápá ti ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ ti tú ìgbànú funfun, àwọ̀n sì ti dẹ̀. Ẹnì kan wà níbi tí wọn kò lè rí, tó ń yẹ àwọn ohùn wò kó tó pa ẹ̀rọ, torí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké lọ́kọ̀ọ̀kan yí pápá ká, bẹ́ẹ̀ kò sí bọ́ọ̀lù, kò sí òṣèré: obìnrin ẹ̀gbẹ́, ọkùnrin tí imú rẹ̀ dí. Áòtù. Áòtù. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Òṣìṣẹ́ kan ti kúnlẹ̀ sídìí àpótí dúdú, ó ń ká wáyà rẹ̀ jọ.

Èémí náà jáde, kékeré, bíi ti ẹnu ọ̀nà nírọ̀lẹ́.

Òṣìṣẹ́ náà fa wáyà yọ.

Aránṣọ dúró de ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Kò dé. Òdòdó inú ìkòkò ń mì díẹ̀díẹ̀ níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ púpọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò dáhùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó tẹ́ wọn nísàlẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ sí ilẹ̀, ó sì fi wọ́n síbẹ̀ títí apá fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó.

Ẹlẹ́rìí rí i. Kò sọ nǹkan kan.